Ìkún Omi Tó Gbé Ọmọ Mi Lọ ní Birchmere

Mo fẹ́ràn fíìmù burúkú. Kì í ṣe èyí tó ń kọ́ni níwà burúkú ni mo ń sọ o. Èyí tí wọn ò ṣe dáadáa ni. Pàápàá jù lọ, mo fẹ́ràn èyí tí ayé ti ń parẹ́ nínú rẹ̀: iná tó ń bú jáde lábẹ́ ilé ìtajà, yìnyín tó tóbi tó àgbọn tó ń já lu àwọn ará ìlú, òkun tó gbéra nílẹ̀ tó ní òun ń bọ̀ wá gbé gbogbo ìlú mì. Kò sówó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ó sì máa ń hàn gbangba. Ènìyàn mẹ́fà ni yóò máa sá kiri bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Wọ́n á sá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n á yípo, wọ́n á tún sá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ọ̀kan nínú wọn á ti dé fìlà ká má baà dá a mọ̀.

Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ń ṣe ní Thamesmead, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n kó wọn jọ sí. Níbi iṣẹ́ wa, jàǹbá kì í pariwo. Ìyá àgbà kan á dìde pé òun fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀, ó parí nìyẹn. A ó gbé e, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, a ó nu ilẹ̀. Tí mo bá wá jókòó nílé mi lọ́jọ́ Sátidé, tí mo rí ilé alájà ọgbọ̀n tó wó lulẹ̀ wùyà, ara á tù mí, torí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ní kí n wá gbá a.

Ọmọ mi obìnrin la jọ máa ń wò ó. Òun nìkan ni mo bí. Bàbá ẹ̀ ti padà sí Abẹ́òkúta láti ọdún mélòó kan, ó ní òtútù ìlú yìí ti wọ òun léegun. Orí fóònù la ti ń rí ara wa. Ọmọ náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Òjò ló há wa mọ́lé ní Sátidé kan, ó wá ń tẹ rìmóòtù kiri títí ó fi dé orí ìkànnì kan tí mo rò pé àwa nìkan là ń wò ó ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà nínú fíìmù ọ̀hún. Gbogbo wọn ló máa ń ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ tirẹ̀. Òkúta já lù ú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya láti èjìká dé ìdodo. Nígbà tí wọ́n máa tún fi í hàn, ṣẹ́ẹ̀tì náà ti pé pérépéré. Ọmọ mi kọjú sí mi, ó fara balẹ̀ bíi dókítà, ó ní, "Mummy, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti jinná." Ìrẹsì pá mi lórí.

Láti ọjọ́ náà ni Sátidé ti di tiwa. Mo máa ń gba ọjọ́ náà níbi iṣẹ́, kódà mo ti bá ọ̀gá mi jà lórí ẹ̀. Màá dín dòdò, ọmọ mi á jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, á fi ẹ̀yìn ti orúnkún mi, a ó wá wá ìlú tó fẹ́ parun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ohun tí kò bá rí, èmi á rí i. Èmi ni mo rí i pé òdòdó oníke kan náà ló wà lórí tábìlì Ààrẹ, tó tún wà ní ọsibítù, tó sì tún wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó yege ìdánwò.

Mi ò sọ pé wọn ò ní àléébù tó ń dunni o. Ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù. Torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò náni lówó tó ìkún omi, wọ́n á jókòó sínú ọ́fíìsì kan, wọ́n á máa tẹ ara wọn láago fún ogójì ìṣẹ́jú, nígbà tó jẹ́ pé tìtorí omi la ṣe jókòó. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tiwọn kó burú, tí wọ́n á máa yọjú wò wá bóyá a ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, nínú fíìmù tí a máa ń yá wò, tí iwin bá fẹ́ pòórá, ẹ ó rí i tí kọ́tìnì ẹ̀yìn ẹ̀ mì, ẹ ó sì rí gìgísẹ̀ iwin náà bó ṣe ń sá wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Gbogbo agbára wọn ni wọ́n sà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rù iwin náà sì tún ń bà wá. Ẹni tó ṣubú tó rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun, ẹ̀rín rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹni tó ṣubú tó wá gbójú sókè pé ṣé ẹ rí mi báyìí, ó ti bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí la máa ń bá ara wa jà lé lórí. Ọmọ mi ní mi ò mọ nǹkan kan.

"Mummy, to do it badly, properly, ẹ ò mọ bó ṣe le tó. Ẹ máa mọ ibi tó yẹ kó ti burú gan-an. If you miss it small, kàn máa jẹ́ fíìmù tí ò dáa ni."

"Ìwọ ọmọ yìí, mo rán ẹ nílé ìwé kó o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bayé jẹ́?"

"Yes, Mummy. And I passed."

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ fíìmù ló kà ní yunifásítì. Èmi ni mi ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ọdún àkọ́kọ́ mo ní "media" ló ń kà. Nígbà tó di ọdún kejì ó ti di "communications". Kó tó parí, ẹnì kan ti ń bi mí ọjọ́ wo ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sì ní ká máa gbàdúrà. Nígbà tó jáde, ó ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ta kọfí ní Woolwich, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá gba ilé síbẹ̀. Kì í ṣe àwọn ilé olówó ńlá tó wà létí omi ní Royal Arsenal o, ẹ̀yìn wọn lọ́hùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, á wọ bọ́ọ̀sì wá bá mi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe fíìmù tiwọn. Odò Thames ló kún, tó fẹ́ gbé Thamesmead lọ. Adágún inú Birchmere Park ni wọ́n fi ṣe odò, torí kò sẹ́ni tó ń gbowó ibẹ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà sún mọ́ omi gan-an kí ìgbì omi tín-ń-tín lè dà bí ìjì òkun. Pẹ́pẹ́yẹ kan wẹ̀ kọjá láàárín òpin ayé, kò tilẹ̀ yára, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Woolwich ní tirẹ̀, inú báàfù mi ló rì sí. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo fẹ́ wẹ̀, mo bá ìlú kan níbẹ̀ tí wọ́n fi páálí kọnfiléèsì kọ́, tó ti ń rọ̀ nínú omi. Mo bi í pé kí ni ipa tirẹ̀ nínú eré náà. Ó ní kí n ní sùúrù, ó ní èmi ni òun fi pamọ́ fún.

Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí iyàrá kan lókè ilé ọtí, níbi tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù burúkú ti ń pàdé. Mo wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọkùnrin kan jábọ́ lórí àga. Ó fi fíìmù náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, a sì fi í sí Sátidé pé a ó jọ wò ó.

Sunday ló kọ́kọ́ dé ṣáájú Sátidé. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, a máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a sì máa ń jẹ́rìí. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe oore fún kò gbọ́dọ̀ jókòó lé e. Mo bá dìde. Mo ní kí ará bá mi yin Ọlọ́run, ọmọ mi ti di ẹni tó ń ṣe fíìmù. Wọ́n kọrin, wọ́n jó mi lọ sí iwájú, mo jó, mo kúnlẹ̀, mo wólẹ̀. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́nì kan tó béèrè pé irú fíìmù wo ni. Èmi tí mo ń jó gan-an, mi ò tíì wò ó.

Ìyá Ìjọ ló wá dìde. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ọ́fíìsì ló fi ẹ̀yìn tì nídìí ẹ̀, òun ló sì mú mi lọ́wọ́ lọ síbi tí mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní ìlú yìí. Ó ní ayọ̀ ọmọ kan, ayọ̀ gbogbo ìjọ ni. Ó ní ní Sunday lẹ́yìn Ìkórè, tí ìsìn bá ti parí, kí wọ́n ta aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn, gbogbo wa máa wò ó. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹnu mi ló kó bá mi.

Mo sọ fún ọmọ mi lórí fóònù.

"Mummy, that film is not for church."

"Ṣé ìhòòhò wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n bú Ọlọ́run ni?"

"Rárá now. But it's a joke. Wọn ò ní mọ̀ pé it's a joke."

"Ọmọdé ni wọ́n? Wọn ò mọ ẹ̀fẹ̀?"

Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n ṣe ìlérí kan fún òun. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá rí i pé Mummy ń rẹ́rìn-ín, they'll know it's allowed. Torí tí ẹnikẹ́ni ò bá rẹ́rìn-ín, Mummy, kò sí nǹkan kan tó kù nínú fíìmù yẹn. It's just me looking stupid in front of everybody."

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n sọ pé mo ṣèlérí. Mo ní mo ṣèlérí. Ohun kékeré ló jọ lójú mi lọ́jọ́ náà. Kí ló rọrùn ju ẹ̀rín lọ?

Sátidé tó yẹ ká fi wò ó, ó ní ká kúkú fi í sílẹ̀ di ọjọ́ náà, kí ẹ̀rín mi lè jẹ́ òótọ́. Báyìí ni mo ṣe jókòó ní gbọ̀ngàn wa ní Woolwich, nínú sùtánà, láìwọ bàtà, láàárín àwọn tó lé ní ọgọ́ta, láti wo ohun tí n kò rí rí. Ọ̀sán gangan ni, wọ́n ti fi aṣọ bo àwọn fèrèsé. Ọmọ mi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó wọ jíǹsì, ó fi gèlè funfun mi kan bo orí.

Mo mú ìlérí mi ṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ, ó fi rúlà ọmọ ilé ìwé wọn odò, ó dìde, ó ní ayé ti bàjẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bá mi rín in. Bàbá kan kígbe sí àwọn inú fíìmù pé kí wọ́n gba ọ̀nà ibùdókọ̀ sá, a tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí pẹ́pẹ́yẹ kọjá, gbogbo gbọ̀ngàn ló bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Ìjọ pàápàá nu ojú. Ọmọ mi bojú wẹ̀yìn wá mi. N kò tíì rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré.

Lẹ́yìn náà ló wá yọ nínú fíìmù, aṣọ iṣẹ́ mi ló wọ̀. Aṣọ búlúù mi gan-an, tó ní àmì ibi tí mo ti fi áyọ́ọ̀nù jó o lápò. Mo ti ń wá aṣọ yẹn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olùtọ́jú arúgbó ló ṣe, gbogbo ènìyàn ti sá lọ, òun wá padà lọ gbé ìyá àgbà kan tí wọ́n gbàgbé sórí àga. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ìyá àgbà náà, wọ́n da pọ́dà sí i lórí. Ó dúró nínú omi Birchmere títí dé orúnkún, ó sọ̀rọ̀ gígùn bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ, ó wá parí ẹ̀ pé kí wọ́n bá òun sọ fún mánéjà pé òun ò ní lè wá ní Monday. Omi wá dé. Ẹnì kan ló dà á láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo rí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, mo rí ọwọ́ tó dì í mú. Ọmọ mi lọ sábẹ́ omi. Apá rẹ̀ kan ló kù lókè, apá náà sì lọ.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mánéjà yẹn, èmi ló sọ ọ́ fún. Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan tó jáde. Láti gbogbo ọdún tí a ti ń wo nǹkan wọ̀nyí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti kú lójú mi tí mo ń jẹ dòdò lé e lórí, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọ̀kankan nínú wọn ní ìyá. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Àdúrà tí mo máa ń gbà fún un ní òwúrọ̀ kì í gùn: kó sin mí, kí n má sin ín.

Agogo ni mo gbọ́. Ìyá Ìjọ ti dìde, ó ń lu agogo àdúrà, ó ní, "Kò ní ṣẹ! Ẹ pa nǹkan yẹn!" Wọ́n pa á. Gbogbo gbọ̀ngàn wólẹ̀. Wọ́n pe ọmọ mi sí àárín, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i lórí, wọ́n ka Sáàmù lé e lórí. Wọ́n ní omi ò ní gbé e lọ, wọ́n ní àgbàrá ayé ò ní wọ́ ọ lọ. Ọmọ mi ń wò mí láàárín gbogbo sùtánà wọ̀nyẹn. Kò bínú. Ó ń retí ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Àmín." Àmín tèmi ló sì ròkè jù.

Mo tún ṣe èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ìyá Ìjọ ní kí n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ kó wá iṣẹ́ gidi ṣe, mo tẹrí ba, mo ní, "A ó bá a sọ ọ́, Mà." Ọmọ mi ò jìnnà sí wa nígbà yẹn.

Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń wá bàtà rẹ̀. Ó fi gèlè náà nu omi ojú rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ó ń bọ̀ ní Sátidé. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn délé. Èmi wọ bọ́ọ̀sì padà sí Thamesmead.

Kò wá ní Sátidé náà, kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e, títí ó fi di mẹ́rin. Mo máa ń pè é, ó sì máa ń gbé e. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí sí ìlú yìí, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń rántí pé èmi kì í ṣe "o", ẹ̀yin ni mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi bí ẹni ń kí ọ̀gá ilé iṣẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ara mi le, Mà. Ẹ ṣé, Mà." Ọ̀wọ̀ tí mo ti fi ọdún pípẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi, ó wá fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń ta mí bí ata.

Mo gbìyànjú láti dá fíìmù wò. Òkúta kan ń ti ojú ọ̀run bọ̀, àwọn ológun mẹ́rin sì gbé maapu kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé maapu ìlú mìíràn ni. Mo yíjú síbi orúnkún mi láti sọ ọ́. Mo wá pa tẹlifíṣọ̀n náà. Fíìmù burúkú tí ènìyàn dá wò, fíìmù tí ò dáa lásán ni. Ti ọmọ mi ṣì wà lórí fóònù mi, mi ò ṣí i. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mi ò ní parọ́. Níbi tí a pa á dé, ọmọ mi wà lábẹ́ omi.

Ní Sátidé karùn-ún, mo lọ ra nǹkan ní Town Centre wa ní Thamesmead, nínú ilé ìtajà ńlá kan. Mo bá Ìyá Ìjọ níbi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ wa ńkọ́?"

"Ó wà, Mà."

"Mi ò rí i láti ọjọ́ yẹn." Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Ọmọ inú eré yẹn, tó padà lọ gbé ìyá àgbà. Ṣé wọ́n rí i yọ?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Mà."

"Báwo lo ò ṣe mọ̀? Ìwọ tó o bí i, o ò wò ó tán?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pa á, Mà."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé èmi náà ni mo ní kó o má wò ó nílé ẹ?" Ó wò mí dáadáa. "Ẹ̀rù ló bà mí ní tèmi, mo ti dàgbà, mi ò fẹ́ràn kí n máa rí ọmọdé nínú omi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbàdúrà fún ọmọ inú eré yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti kú ni àbí ó wà láyé."

Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì gún mi lọ́kàn. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù, tó lu agogo lé e lórí, ó ti ń ronú nípa ìgbẹ̀yìn rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé nídìí fíìmù burúkú, mi ò béèrè. Mo dá agbọ̀n mi padà sílẹ̀ bó ṣe ṣófo, mo lọ wọ bọ́ọ̀sì Woolwich.

Mi ò pè é tẹ́lẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Mo fẹ́ wo ìyókù."

"Ìyókù kí ni, Mà?"

"Ìyókù fíìmù ẹ."

Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Ó wà lórí fóònù yín."

"Mo mọ̀. Mi ò lè dá a wò."

Ó yà fún mi, mo wọlé. Mo jókòó sétí ibùsùn rẹ̀, òun dúró. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ní ẹ máa rẹ́rìn-ín."

"Aṣọ mi lo wọ̀."

"That was the joke, Mummy. It was for you."

"Mo mọ̀ pé èmi lo ṣe é fún. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè rín in nìyẹn. Mo rí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo rí ọwọ́, mo sì rí ìwọ tó ò ń lọ."

"Okay. But ẹ ṣe Àmín. And you told her you'd talk to me."

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní ojú àwọn ènìyàn ni mo wò, mi ò wo tìẹ. Mo ní kó má bínú. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, ìyá kì í bẹ ọmọ, ẹran ló máa ń fi kún oúnjẹ ọmọ, ọmọ á sì mọ̀. Mi ò gbé ẹran kankan wá. Ọ̀rọ̀ náà ni mo ní láti sọ, mo sì sọ ọ́.

Ó jókòó tì mí, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ń wá ibi tí wọ́n ti pa á. "Ìṣẹ́jú méjì ló kù," ó ní. "Two minutes, Mummy. Ẹ ò dúró."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí apá náà ti lọ. Adágún náà dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ fìlà, ó sọ̀rọ̀ nípa akọni, ó gùn jù. Lẹ́yìn náà omi rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ mi sì ti ibẹ̀ jáde. Ó gbé ìyá àgbà pọ̀n sẹ́yìn. Aṣọ búlúù náà gbẹ táútáú, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ geere. Wíìgì rẹ̀ ò yẹ̀. Ife tíì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń rú èéfín. Ó rìn jáde nínú odò Thames, ó wò wá tààrà, ó ní, "Ta ló fẹ́ ṣúgà?" Fíìmù parí.

Nínú gbogbo ohun tí a ti jọ wò, n kò rí èyí tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tó yẹ kó ti burú gan-an ló ti burú. Mo wò ó, omi sì ń dà lójú mi pọ̀ọ̀, mi ò lè dá a dúró.

Ọmọ mi bojú wò mí. "Mummy, ibi tó o máa ti rẹ́rìn-ín nìyẹn."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, kí n tún rí i bó ṣe ń jáde.